Èmi Ni Mo Ba Ìwé Ẹgbẹ́ Ojúmọ́ Jẹ́

Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ pàtẹ́wọ́ fún mi, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ dáwọ́ dúró, torí bẹ́ ẹ bá gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ, ẹ máa fẹ́ gba àtẹ́wọ́ yín padà. Mádàámú òǹtẹ̀wé ní kí n wá sọ bí mo ṣe gba orúkọ ọ̀gá wa tó ti kú lọ́wọ́ olè. Wọ́n ní kí n sọ ọ́ ní ṣókí, kẹ́ ẹ lè tètè tò láti ra ìwé tuntun tó wà nínú àwọn páálí tẹ́ ẹ ń wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yẹn. Mo ti gbà bẹ́ẹ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n n kò ní sọ ọ́, torí pé kò sí olè kankan. Ìwé Ẹgbẹ́ Ojúmọ́ tẹ́ ẹ torí rẹ̀ kóra jọ síbí, láti ojú ewé àkọ́kọ́ títí dé ìkẹyìn, àbúrò mi obìnrin ló yà á, òun náà ló kọ ìtàn inú rẹ̀. Yàrá kan náà la jọ jókòó sí. Ojú mi ló ṣe é. Èmi tí mo wọ kóòtù àyálò yìí dúró níwájú yín, èmi ni mo pa irọ́ tó ba orúkọ rẹ̀ jẹ́. Mádàámú, ẹ má pa ẹ̀rọ gbohùngbohùn yẹn. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ tán, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ ṣe mí bó ṣe wù yín.

Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ń pè mí ní Ọlọ́dà, torí pé láti kékeré ni ọ̀dà kì í ti í tán léèékánná mi. Ọmọ méjì péré ni màámi bí. Èmi ni àgbà, àbúrò mi ló tẹ̀ lé mi. Èmi ni mo mú un lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá wa, bàbá kan tí irùngbọ̀n wọn gùn dé àyà, tí gbogbo wa ń pè ní Ọ̀gá Onírùngbọ̀n. Pátákó ìpolówó la máa ń kọ níbẹ̀, a sì máa ń ya àwòrán sínú ìwé àwọn ọmọ ilé-ìwé. Èrò tèmi ni pé kó kàn máa bá wa fọ búrọ́ọ̀ṣì. Kò pẹ́ rárá tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í yàwòrán tí àwọn oníbàárà á dúró máa wò títí wọ́n á fi gbàgbé ohun tó gbé wọn wá. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá wa wo iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n wo tèmi, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Ọlọ́dà, ọwọ́ tìẹ mọ àwọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ àbúrò rẹ mọ èèyàn.” Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ò kọjá ẹnu. Láti ọjọ́ yẹn ni nǹkan kan ti há mi láyà bí egungun ẹja, n kò lè pọ̀ ọ́ jáde, n kò sì lè gbé e mì.

Nígbà tí ọ̀gá wa kú, èmi ni ìyàwó wọn bẹ̀ pé kí n bá àwọn palẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mọ́. Mo kó búrọ́ọ̀ṣì, mo kó agolo ọ̀dà, mo sì mú òǹtẹ̀ kékeré tí wọ́n máa ń lù sí ìdí iṣẹ́ wọn, mo jù ú sápò. Èrò ibi kankan ò sí lọ́kàn mi lọ́jọ́ náà. Ohun tí n ó máa fi rántí wọn ni mo ń wá. Èmi àti àbúrò mi wá gba yàrá iṣẹ́ kan lókè ilé kan tí wọ́n ti ń ránṣọ. Bí àwọn aránṣọ bá ti ń tẹ máṣíìnì nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ tábìlì wa a máa gbọ̀n lókè. Ibẹ̀ ló ti sọ fún mi pé òun fẹ́ ṣe ìwé ìtàn aláwòrán, ẹyọ kan ṣoṣo, tí ìtàn rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀, tí á sì parí síbẹ̀. Akọni márùn-ún ló wà níbẹ̀, ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ wọ́n: Etí, awakọ̀ tó ń gbọ́ ohun tí wọ́n bá sọ ní ìpẹ̀kun ìlú, Irin, wẹ́dà tí ara rẹ̀ máa ń di irin, Ìyẹ́, ọmọge tó ń fò, Òjìji, tí ojú kì í rí nígbà tó bá ń tijú, àti Ìyá Àgbà, olórí wọn, tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti gbá èèyàn mọ́ra, gbogbo ìrora onítọ̀hún á ṣí wọ ara tiwọn. Òun ń yà, èmi ń kun àwọ̀ sí i. Bí ojú ẹnì kan nínú àwòrán ò bá tíì dà bí ojú ẹni tó wà láàyè lójú tirẹ̀, á ya bébà náà sọ́tọ̀, á tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn, á sì fi èyí tó kọ̀ sílẹ̀ sínú fáìlì kan tó máa ń gbé ka orí kọ́bọ́ọ̀dù mi. Kí n má fi irọ́ kún irọ́, ìwé náà wọ̀ mí lára. Lọ́jọ́ tí mo ń kun ojú ewé tí Ìyá Àgbà kú sí, mo ní èéfín ọ̀dà ló wọ̀ mí lójú. Kì í ṣe èéfín.

Ìwé jáde, ó sì dà bí ìgbà tí wọ́n ṣí omi ẹ̀rọ. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ń yá a lọ́wọ́ ara wọn títí tí ẹ̀yìn rẹ̀ fi ń já. Àwọn àgbàlagbà tó ní ìwé àwòrán kì í ṣe ti àwọn, wọ́n ń kà á níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní rí wọn. Nọ́ọ̀sì kan wá bá àbúrò mi ní ilé ìtàwé, ó na ìka sí i, ó ní, “Ẹ̀yin lẹ pa Ìyá Àgbà! Mo sunkún lẹ́nu iṣẹ́ débi pé àwọn aláìsàn ló ń rẹ̀ mí lẹ́kún.” Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan dìde, ó ní ó yẹ kí apá kejì wà, kí Ìyá Àgbà jí. Àbúrò mi mi orí. Ó ní, “Ìtàn náà ti parí, sà. Bí mo bá jí wọn, ẹkún tí nọ́ọ̀sì sun á di ẹkún lásán.” Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí. Èmi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo wọ ẹ̀wù tuntun. Obìnrin kan já gba iwájú mi, ó gbé báàgì rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dì í mú, kí n ya fọ́tò pẹ̀lú wọn.” Mo dì í mú. Àbúrò mi rí i, ó yára nawọ́ sí mi, ó ní, “Bọ̀ọ̀dá mi nìyí o! Àwọn ni wọ́n kun gbogbo àwọ̀ inú rẹ̀!” Obìnrin náà ní, “Ẹ kú iṣẹ́, sà,” kò wojú mi, ó gba báàgì rẹ̀, ó lọ. Ẹ wò ó, àbúrò mi pín iyì rẹ̀ fún mi lójú gbogbo èèyàn. Ohun tí ọkàn burúkú mi gbọ́ ni pé ó ń ṣàánú mi.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni mo lọ sí ojú òpó tí àwọn òǹkàwé ti máa ń sọ̀rọ̀ nípa ìwé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo fún ara mi ní orúkọ kan, Arínúróde. Mo kọ ọ́ pé ìtàn náà ò lórí ò nídìí, pé ikú Ìyá Àgbà kàn jẹ́ ọ̀nà láti fi gba omijé lójú àwọn òpè. Àwọn kan bú mi, àwọn kan gbè mí. Ẹ̀yin èèyàn mi, ó dùn! Ó dùn bí ìgbà téèyàn bá họ ibi tó ń yún un. Ẹni tó ni ojú òpó náà, onílé ìtàwé kan tá à ń pè ní Onígíláàsì, mọ̀ pé èmi ni, torí èmi fúnra mi ni mo sọ fún un. Ó pè mí, ó ní, “Ọlọ́dà, ọ̀rọ̀ rẹ ti tutù jù. Ta ló ń sáré wá wo ẹni tó ní ìwé ò dùn? Bó o bá ní nǹkan tó gbóná, mú un wá.” Ẹni tó ní egbò lẹ́sẹ̀ ni wọ́n ń kọ́ ní ijó, òun náà sì ń jó. Mo wá a kàn.

Mo gbé fáìlì àbúrò mi sọ̀ kalẹ̀ lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Mo mú mẹ́ta nínú àwọn àwòrán Ìyá Àgbà tó kọ́kọ́ yà. Mo fi omi tíì nù wọ́n kí bébà lè pọ́n bí ohun tó ti pẹ́, mo sá wọn sójú fèrèsé. Nígbà tí wọ́n gbẹ, mo mú òǹtẹ̀ ọ̀gá wa, mo tẹ̀ ẹ́ sínú íǹkì, mo sì lù ú sí ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ mi ò gbọ̀n. Ìyẹn ló ń dẹ́rù bà mí jù títí dòní, pé ọwọ́ mi ò gbọ̀n. Mo ya fọ́tò wọn ránṣẹ́ sí Onígíláàsì, mo ní kó kọ ọ́ pé inú ẹrù Ọ̀gá Onírùngbọ̀n ni wọ́n ti rí i, pé ọmọ iṣẹ́ ló jí iṣẹ́ olóògbé, tó sì fi orúkọ ara rẹ̀ sí i. Ó pè mí lórí fóònù, ó ní, “Ṣé òótọ́ ni?” Mo ní, “Ìwọ ṣáà gbé e jáde.” Ó ní, “Ó dáa. N ò bi ọ́ o. Bí wọ́n bá bi mí, n ò bi ọ́.”

Bí iná ọyẹ́ ló ṣe ràn. Àwọn tó ti sunkún torí ìwé náà ni inú bí jù, wọ́n ní wọ́n fi omijé àwọn ṣeré. Nọ́ọ̀sì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan kọ ọ́ pé, “Òkú lo jà lólè. Ojú mi á máa tì mí pé mo fọwọ́ kan ọwọ́ rẹ.” Bàbá kan mú ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé ìtàwé láti dá ìwé padà. Ọmọ náà di ìwé mọ́ àyà, ó ń ké, bàbá rẹ̀ ń tú ìka rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo wà níbẹ̀. Mo ń wo ìwé mìíràn bí ẹni tí kò rí wọn. Wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ OLÈ sí ẹnu ọ̀nà ilé tí àbúrò mi ń gbé. Èmi ni mo lọ bá a fọ̀ ọ́. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: mo mú kẹrosíìnì àti àkísà lọ, mo ń fọ̀ ọ́, òun sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. “Bọ̀ọ̀dá mi,” ó ní, “bí kì í bá ṣe ẹ̀yin, ibo ni n ó forí lé?” Ó wá bá mi ní yàrá iṣẹ́, ó jókòó, ó ní, “Fáìlì mi dà? Àwọn àwòrán tí mo kọ́kọ́ yà, inú rẹ̀ ni gbogbo wọn wà. Bí mo bá fi han Mádàámú, ọ̀rọ̀ parí.” Mo ní, “Mi ò rí i. Àbí o gbé e lọ sílé ni?” Ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù ni mo kì í bọ̀ sí, etí rẹ̀ kan sì yọ díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó dìde, ó ń wá a. Ó gbé àga, ó wo orí kọ́bọ́ọ̀dù, ó wo abẹ́ tábìlì. Ká ní ó yí orí sí apá òsì ni, ì bá rí i, ọ̀rọ̀ ì bá sì ti parí níbẹ̀. Mo rìn lọ síbẹ̀, mo fara ti ògiri, mo fi ẹ̀yìn mi bò ó. Mo bá a wá ohun tí mo fi ẹ̀yìn bò.

Mádàámú òǹtẹ̀wé pè wá sí ọ́fíìsì wọn. Ẹ̀yin náà ẹ rántí, Mádàámú. Ẹ ò pariwo. Ẹ ní, “Ọlọ́dà, ẹ̀yin méjèèjì nìkan lẹ jọ wà nínú yàrá yẹn. Ohun tó o bá sọ ni mo máa gbà. Ṣé o rí i tó ń yà á?” Àbúrò mi ò tilẹ̀ wo Mádàámú mọ́. Èmi ló yíjú sí, ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní, “Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ sọ fún wọn, ká máa lọ sílé.” Mo mọ̀ pé bí mo bá ní “bẹ́ẹ̀ ni,” gbogbo rẹ̀ á rọlẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n á bèèrè ibi tí òǹtẹ̀ ti wá, ta ló sì palẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mọ́? Mo ní, “Mádàámú, iṣẹ́ tèmi ni mo máa ń dojú kọ. Àwọ̀ ni mo ń kùn. Mi ò lè fi gbogbo ẹnu sọ ibi tó ti ń mú àwọn àwòrán wá.” Àbúrò mi ò sunkún. Ó ń wò mí bí ẹni tó ń wo àtẹ̀gùn tó yẹ kó wà níbi tó fẹ́ gbẹ́sẹ̀ lé, tí kò sì sí níbẹ̀. Ó mú báàgì rẹ̀, ó jáde. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

Bẹ́ ẹ bá rò pé ibẹ̀ ló burú dé, ẹ ní sùúrù. Àìsàn ti dá màámi wó nígbà yẹn ní ọsibítù. Aládùúgbò kan tó wá kí wọn ló sọ ọ̀rọ̀ náà fún wọn, ó rò pé wọ́n ti gbọ́. Màámi kì í ṣe ẹni tó kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n fi ìwé Ẹgbẹ́ Ojúmọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí, gbogbo dókítà tó bá wọlé ni wọ́n ń fi hàn pé, “Ọmọ mi ló ṣe é.” Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, èmi nìkan ni mo jókòó tì wọ́n. Wọ́n di ọwọ́ mi mú. Wọ́n ní, “Ìwọ ò ní purọ́ fún mi. Ẹ jọ wà níbẹ̀. Ṣé òótọ́ ni pé ọmọ mi jí iṣẹ́ òkú?” Ẹ̀yin èèyàn, kò sí òǹtẹ̀wé níbẹ̀, kò sí òǹkàwé, kò sí Onígíláàsì. Ìyá mi nìkan ni. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ń bèèrè ni kí ọkàn wọn balẹ̀. Mo ní, “Màámi, ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀.” Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní, “Ó ti yé mi.” Wọ́n fa ìwé náà yọ lábẹ́ ìrọ̀rí, wọ́n gbé e fún mi pé kí n bá àwọn gbé e lọ. Nígbà tí àbúrò mi dé, wọ́n yíjú sí ògiri. Ojoojúmọ́ ló ń wá. Á bu omi, á fọ ẹsẹ̀ wọn, á máa bá ẹ̀yìn wọn sọ̀rọ̀: “Màámi, èmi ni. Màámi, mi ò jalè.” Wọn ò yíjú padà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kú. Èmi ni ọmọ tí wọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mú nígbà tí ẹ̀mí bọ́. Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Ikú ilé ọ̀hún ló dúró níwájú yín yìí.

Àbúrò mi ò yàwòrán mọ́. Ó gba iṣẹ́ ní ilé ìfọṣọ, ó lọ́kọ, ó bímọ obìnrin kan. Èmi ń gòkè. Wọ́n ń pè mí sí ibi ìpàdé àwọn òǹkàwé bí olùpamọ́ iṣẹ́ ọ̀gá. Mádàámú wá ní àwọn máa tún ìwé náà tẹ̀, orúkọ Ọ̀gá Onírùngbọ̀n á sì wà lẹ́yìn rẹ̀ gàgàrà. Ọ̀rọ̀ ìdílé kan ló gbé mi dé ilé àbúrò mi láìpẹ́ yìí. Ọmọ rẹ̀ dùbúlẹ̀ lórí ilẹ̀, ó ń fi èédú ya ajá sí ara sìmẹ́ǹtì. Ajá náà ń sáré, ẹ gbà mí gbọ́, ó ń sáré! Àbúrò mi ti ilé ìdáná jáde, ó rí i, kò bínú. Ó rọra gba èédú lọ́wọ́ ọmọ, ó fi àkísà nu ilẹ̀. Ó ní, “A kì í ṣe é nílé yìí.” Ọmọ náà gbójú sókè wò mí, ó ṣàlàyé fún mi bí ẹni tó ń kọ́ àlejò: “Bọ̀ọ̀dá Màmá, ẹni tó bá ń yàwòrán, olè ni wọ́n máa ń pè é.” N kò lè jẹun tí wọ́n gbé ka iwájú mi. N kò lè sùn dáadáa láti ìgbà náà.

Mo padà lọ. Ó ń lọ aṣọ. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ́ tán, òǹtẹ̀, omi tíì, kọ́bọ́ọ̀dù, gbogbo rẹ̀. Kò dáwọ́ áyọ́ọ̀nù dúró. Ó ká aṣọ kan, ó mú òmíràn. Nígbà tí mo dákẹ́, ó ní, “Ṣé Màámi bi yín?” Mo ní, “Wọ́n bi mí.” Ó ní, “Kí lẹ sọ?” Mo sọ ọ́ fún un. Ìgbà yẹn ló tó gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀. Ó ní, “Bọ̀ọ̀dá, ìwé, mo lè ṣe òmíràn. Àwọn òǹkàwé, ẹ lè wá wọn rí. Màámi ńkọ́?” Mo ń sunkún, mo ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí jì mí. Ó ní, “Ẹ dìde. Ẹ má wá sọ ọ́ nínú ilé mi níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti gbọ́ yín. Ibi tí ẹ ti ń gbayì ni kẹ́ ẹ lọ sọ ọ́.” Mo ní ṣé á tẹ̀ lé mi wá. Ó ní rárá, kí n má retí òun.

Ìdí tí mo fi gba ìpè òní nìyẹn. Fáìlì rẹ̀ nìyí lórí tábìlì, gbogbo àwòrán tó kọ́kọ́ yà ló wà nínú rẹ̀, àwọn mẹ́ta tí mo bà jẹ́ náà wà níbẹ̀. Òǹtẹ̀ ọ̀gá wa nìyí. Ìyàwó ọ̀gá wà ní ìjókòó iwájú, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín, Mọ̀mí, pé mo fi orúkọ ọkọ yín ṣe iṣẹ́ olè. Mádàámú, mo bẹ̀ yín, ẹ má tà nínú àwọn páálí yẹn. Ẹ̀yin òǹkàwé tẹ́ ẹ dá ìwé padà, tẹ́ ẹ bú u, ẹ̀bi mi ni, kì í ṣe tiyín, ṣùgbọ́n ẹnu yín ni mo fi ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ẹnu kan náà bá mi tún un ṣe. Ẹ kọ ọ́ síbi tẹ́ ẹ ti kọ èyí àkọ́kọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ gbé fóònù sókè, tẹ́ ẹ ti ń fi mí ránṣẹ́, ẹ fi mí ránṣẹ́, ó tọ́ sí mi. Ohun kan ni kẹ́ ẹ gbà lọ́wọ́ mi. Bí ẹni yín bá ṣe ohun tó dára tó sì ta yín níkùn, ẹ má gbé e pamọ́. Ẹ lọ bá a, ẹ sọ fún un lójú pé, “Inú ń bí mi pé o mọ̀ ọ́n jù mí lọ.” Ó máa ń dójú tini, ṣùgbọ́n kì í pa ìyá ẹni. Ká ní mo sọ bẹ́ẹ̀ fún àbúrò mi lókè ilé aránṣọ yẹn, mo mọ̀ ọ́n dáadáa, ì bá rẹ́rìn-ín, ì bá sún àga rẹ̀ kúrò kí n lè jókòó tì í, ì bá sì kọ́ mi.

Mo ti sọ ọ́ tán. Ẹni tó bá lè dárí jì mí, kó dárí jì mí. Ẹni tí kò bá lè ṣe é, n kò ní bi í pé kí ló dé. Àbúrò mi ní kí n má retí òun. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ foríjì mí bí n kò bá wojú yín dáadáa láti ìgbà tí mo ti ń sọ̀rọ̀. Ẹnu ọ̀nà yẹn ni mo ń wò.